Àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì tó ń ti inú Yorùbá wá, àti bí ẹ ṣe lè tún un ṣe

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá lọ́dọ̀ àwọn tó ń múra fún WAEC, fún IELTS tàbí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbi iṣẹ́: "Mo ti ka ìwé gírámà, mo mọ òfin, kí ló dé tí mo ṣì ń ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ?" Ìdí ni pé nígbà tí ènìyàn bá ń yára sọ̀rọ̀, èdè tó ti mọ́ ọn lára ló máa ń ṣáájú òfin jáde. Níbi tí Yorùbá bá ti ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí Gẹ̀ẹ́sì sì ní méjì tàbí mẹ́ta, ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Ohun tí ẹ nílò níbẹ̀ ni ìbéèrè kúkúrú kan tí ẹ ó bi ara yín kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Mo to àwọn ìbéèrè náà sísàlẹ̀ yìí, mo sì fi èyí tó ń gba máàkì lọ́wọ́ ènìyàn jù ṣáájú.

## Bí ẹ ṣe máa lo ìtọ́sọ́nà yìí

1. Ẹ fi fóònù gba ohùn ara yín sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí ẹ ṣe lánàá, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú.
2. Ẹ gbọ́ ọ padà, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, tòun ti àṣìṣe inú rẹ̀.
3. Ẹ fi ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan tó wà nísàlẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí ẹ ti ṣì í.
4. Ẹ mú ìsọ̀rí kan ṣoṣo tí ìlà pọ̀ sí jù. Òun nìkan ni kí ẹ mójú tó ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ẹ má ṣe fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ ṣe pọ̀. Ẹni tó bá ń ṣọ́ nǹkan mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, ìbẹ̀rù á sì wọ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì tí mo sọ yẹn ní ìdí: nínú apá kejì ìdánwò ẹnu IELTS, ẹ ó ní ìṣẹ́jú kan láti ronú, lẹ́yìn náà ẹ ó dá nìkan sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ẹ ń múra fún un nìyẹn pẹ̀lú.

## 1. Ọ̀rọ̀-ìṣe: "Ìgbà wo ni?"

Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà. "Lọ" ni "lọ" ń jẹ́ lánàá, lónìí àti lọ́la. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń ṣáájú rẹ̀, bíi "ń", "ti" àti "máa", ló ń sọ ìgbà. Ara ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń yí. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ "went" dáadáa fi máa sọ pé "Yesterday I go to the market": "lánàá" ti parí iṣẹ́ lọ́kàn rẹ̀, kò rí ohun tó kù tí "go" fẹ́ ṣe.

Ẹ há àwọn wọ̀nyí sórí bí wọ́n ṣe bára mu:

- Mo lọ lánàá: "I went yesterday."
- Mo ti jẹun: "I have eaten."
- Mo ti jẹun ní aago méjì: "I ate at two o'clock."
- Mo máa ń lọ sí ọjà ní ọjọ́ Sátidé: "I go to the market on Saturdays."
- Mo máa ń mu sìgá tẹ́lẹ̀: "I used to smoke."
- Mo ti ń gbé níbí láti ọdún 2019: "I have been living here since 2019."
- Mo ti ń gbé níbí fún ọdún mẹ́fà: "I have been living here for six years."

Ibi tí "ti" ti ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ wo ìlà kejì àti ìkẹta dáadáa. Yorùbá lo "ti" níbi méjèèjì. Ní Gẹ̀ẹ́sì, bí àkókò pàtó tó ti kọjá bá ti wọ inú gbólóhùn, "have" gbọ́dọ̀ jáde. "I have seen him yesterday" kò dára. "I saw him yesterday" ló tọ́. Ìbéèrè tí ẹ ó bi ara yín ni pé: ṣé mo dárúkọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀? Bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀, kò sí "have".

Ibi tí "máa ń" ti ń tan ènìyàn jẹ. "I use to eat rice every day" ni ọ̀pọ̀ wa ń sọ fún "mo máa ń jẹ ìrẹsì lójoojúmọ́". Ẹni tó gbọ́ ọ á rò pé ẹ ti ṣíwọ́ jíjẹ ìrẹsì, nítorí ohun tó ti dópin ni "used to" wà fún. Bí àṣà náà bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, ẹ sọ ọ̀rọ̀-ìṣe náà lásán: "I eat rice every day." Bí ẹ bá fẹ́ kí ó hàn gbangba pé àṣà ni, ẹ fi "usually" kún un.

"Since" àti "for". Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ (2019, àárọ̀, ọjọ́ Ajé), "since" ni. Bí ó bá jẹ́ iye àkókò (ọdún mẹ́fà, wákàtí méjì), "for" ni. "I am here since two hours" ní àṣìṣe méjì nínú. "I have been here for two hours" ni ẹ ó sọ.

"Did" ti gbé ẹrù ìgbà, kò ku ti ẹlòmíràn. "Did you saw him?" àti "I didn't went" ń yọjú nínú àròkọ àwọn tó ti pẹ́ ní ilé ìwé pàápàá. Lẹ́yìn "did", "didn't", "does" àti "doesn't", ọ̀rọ̀-ìṣe gbọ́dọ̀ padà sí bí ó ṣe wà nínú ìwé atúmọ̀-èdè: "Did you see him?" "She doesn't know."

Lẹ́tà "s" ti ẹnì kan. Bí olùwà (ẹni tàbí ohun tí gbólóhùn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀) bá jẹ́ "he", "she", "it" tàbí ẹnì kan tí ẹ lè fi wọ́n rọ́pò, tí ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ ti ìsinsìnyí tàbí ti àṣà, "s" gbọ́dọ̀ wà: "My sister works in Lagos." "Everybody" àti "each" jẹ́ ẹyọ: "Everybody knows", kì í ṣe "everybody know". Ibi tó le jù ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ àárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe: "The price of the books is high." "Price" ni olùwà, "books" tó súnmọ́ "is" kò ní ìpín níbẹ̀.

"Ń" tí kì í di "-ing". "Mò ń gbọ́ yín" kì í ṣe "I am hearing you". Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó jẹ mọ́ ìmọ̀, ìní àti ìfẹ́ kì í sábà gba "-ing" ní Gẹ̀ẹ́sì: "know", "understand", "want", "believe", "own", "belong". Ẹ sọ pé "I can hear you", "I don't understand", "I have a car". Bákan náà, bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ iṣẹ́ àṣelọ ní Ìbàdàn, "I work in Ibadan" ni. "I am working in Ibadan" túmọ̀ sí pé fún ìgbà díẹ̀ ni.

Bó bá jẹ́ ìsọ̀rí kan péré ni ẹ ní àyè fún, ìsọ̀rí yìí ni kí ẹ mú. Nínú máàkì 50 tí WAEC ń fún àròkọ, 10 wà fún ìpéye gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìdánudúró, ìdajì máàkì sì ni wọ́n ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Nínú IELTS, ìdá mẹ́rin ni wọ́n pín máàkì àròkọ sí, gírámà sì ni ìdá kan nínú rẹ̀.

## 2. "Ó" àti "wọ́n": "Ọkùnrin ni àbí obìnrin? Ẹnì kan ni àbí ọ̀pọ̀?"

"Ó" wa kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, tàbí ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹranko. Ẹni tó ń sọ ìtàn ìyá rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "she", kó sì di "he" ní gbólóhùn kẹta láìmọ̀. Ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ kọ́kọ́ dárúkọ ẹni náà: "My mother", "Mr Ade".
2. Ẹ so "she" tàbí "he" mọ́ ọn lọ́kàn yín kí ẹ tó sọ gbólóhùn kejì.
3. Bí ó bá fẹ́ rú yín lójú láàárín ọ̀rọ̀, ẹ tún orúkọ náà pè. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí àtúnpè.

Ìṣòro ńlá wà lórí "rẹ̀". Ẹni tó ni nǹkan ni "his" àti "her" ń tẹ̀ lé. Ohun tí wọ́n ní kò kàn án. "Tunde fẹ́ràn ìyá rẹ̀" jẹ́ "Tunde loves his mother". "Her mother" á sọ ọ́ di ìyá obìnrin mìíràn.

"Wọ́n" náà ní tirẹ̀. Nítorí ọ̀wọ̀, a máa ń sọ pé "Dádì ní kí ẹ wá, wọ́n ń pè yín." Bí ó bá di "They are calling you" ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó gbọ́ ọ á máa wá àwọn ènìyàn púpọ̀. Ẹ sọ pé "Dad wants you" tàbí, bí ẹ kò bá mọ ẹni tó ń pè, "Someone is calling you." Kì í ṣe àìlọ́wọ̀ láti pe bàbá yín ní "he". Inú "please", "could you" àti "would you mind" ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀wọ̀ sí, kì í fi í sínú arọ́pò-orúkọ. "Give me that form" tí ẹ sọ fún àgbàlagbà burú ju "he" lọ; "Could you pass me that form, please?" ló bá "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú fọ́ọ̀mù yẹn" mu.

## 3. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, Gẹ̀ẹ́sì méjì

Yá. Ẹ bi ara yín pé: ọwọ́ olùwà ni nǹkan ń wọ̀ ni, àbí ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń jáde? Bí ó bá ń wọ̀ ọ́, "borrow" ni: "I borrowed money from him." Bí ó bá ń jáde, "lend" ni: "He lent me money." "Borrow me your pen" ló wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo àṣìṣe inú kíláàsì, "Lend me your pen" tàbí "Can I borrow your pen?" ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Kọ́. Ẹni tí ìmọ̀ ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ń "teach". Ẹni tó gbà á ń "learn". "He learned me how to drive" kò sí, "He taught me."

Gbọ́. Etí nìkan ni "hear" wà fún. Gbọ́ òórùn jẹ́ "smell". Gbọ́ Haúsá jẹ́ "understand Hausa". Ìtumọ̀ "I hear Hausa" sí òyìnbó ni pé ẹnì kan ń sọ Haúsá nítòsí yín báyìí.

Wò àti rí. Yorùbá ya méjèèjì sọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kí ó ràn yín lọ́wọ́: mo wò ó, n kò rí i, "I looked, but I didn't see it." Ohun tó ń lọ tàbí tó ń ṣẹlẹ̀ ni "watch" wà fún: bọ́ọ̀lù, fíìmù, tẹlifíṣọ̀n.

Sọ. Ẹni tí a sọ ọ̀rọ̀ fún ni kí ẹ wò. Bí ó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe tààrà, "tell" ni: "She told me." Bí kò bá sí níbẹ̀, "say" ni: "She said that she was tired." "She said me" àti "she told that" kò tọ̀nà.

Rántí. Ẹni tó fúnra rẹ̀ rántí ń "remember". Ẹni tó rán ẹlòmíràn létí ń "remind". "Remember me to call him" kò ní gbé ohun tí ẹ fẹ́ dé ibi tó ń lọ.

Mú wá, mú lọ. Ibi tí Yorùbá ti ṣe wá lóore nìyí. Níbi tí ẹ bá ti gbọ́ "wá", "bring" ni. Níbi tí ẹ bá ti gbọ́ "lọ", "take" ni. "Mú ọmọ yìí lọ sí ilé ìwé": "Take this child to school."

Àlejò. Ẹni tí ẹ gbà sílé jẹ́ "guest" tàbí "visitor". "Stranger" ni ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. "I have strangers at home" lè mú kí aládùúgbò ní London fẹ́ pe ọlọ́pàá.

Mò ń bọ̀. Bí ẹ bá ń kúrò níbì kan tí ẹ sì fẹ́ padà, "I'm coming" ń rú wọn lójú, nítorí wọ́n ń rí i pé ẹ ń lọ. "I'll be right back" ni.

Pẹ̀lẹ́ àti ẹ kú iṣẹ́. "Sorry" tí a ń sọ fún ẹni tó kọsẹ̀ lè jẹ́ kí ó rò pé ẹ̀yin lẹ ti í. Ẹ sọ pé "Are you all right?" "Well done" sì jẹ́ ìyìn fún iṣẹ́ tó dára tàbí tó parí, ẹni tó ṣì ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ kò ní mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìkíni fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. "Hello" ti tó.

### Ìkìlọ̀ pàtàkì: ní ọ́fíìsì dókítà

Ibòmíràn, àṣìṣe lè gba máàkì lọ́wọ́ yín. Níbí, ó lè jẹ́ kí wọ́n yẹ ibi tí kò dùn yín wò. Ẹ kọ àwọn wọ̀nyí sínú fóònù bí ẹ bá ń gbé ní ìlú òyìnbó, tàbí bí òbí yín bá fẹ́ lọ kí yín níbẹ̀:

- Ẹsẹ̀: láti ìdí dé ọrùn ẹsẹ̀ ni "leg", láti ọrùn ẹsẹ̀ sísàlẹ̀ ni "foot".
- Ọwọ́: láti èjìká dé ọrùn ọwọ́ ni "arm", láti ọrùn ọwọ́ sí ìka ni "hand".
- Ó ń dùn mí: "It hurts." Ẹ fi "It is paining me" sílẹ̀.
- Ara mi gbóná: "I have a fever." Bí ẹ bá sọ pé "My body is hot", wọ́n lè rò pé oòrùn ló ń pa yín.
- Òòyì ń kọ́ mi: "I feel dizzy." "My eyes are turning me" kò ní yé wọn.
- Mo ń lo oògùn: "I am taking medicine" tàbí "I am on medication". Ẹ ṣọ́ra gidigidi fún "I am using drugs": oògùn olóró ni wọ́n máa rò.

## 4. "Ní": "at", "on" àbí "in"?

"Ní" kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta yìí nínú Yorùbá, nítorí náà ẹ kò lè túmọ̀ rẹ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ wò.

Fún àkókò, ẹ lọ láti kékeré sí ńlá:

1. Aago: "at five o'clock", "at noon".
2. Ọjọ́ tàbí déètì: "on Monday", "on 1 October".
3. Oṣù, ọdún: "in October", "in 1960".

Àwọn tó yapa ni "in the morning", "in the afternoon", "in the evening" àti "at night". Ẹ há wọn sórí bẹ́ẹ̀.

Fún ibi: ojúkò kan jẹ́ "at" ("at the bus stop"), orí nǹkan jẹ́ "on" ("on the table"), inú nǹkan jẹ́ "in" ("in the box"). Fún ọkọ̀: èyí tí ènìyàn lè dìde dúró rìn nínú rẹ̀ ń gba "on", bíi bọ́ọ̀sì ńlá, ọkọ̀ ojú irin àti bàálù. Mọ́tò kékeré ń gba "in". Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, "I want to get off here" ni fún bọ́ọ̀sì. "I want to drop" kò yé ẹni tí kì í ṣe ará Nàìjíríà.

"By" ń fa ìpàdé sẹ́yìn. Lẹ́nu wa, "Come by five" ni wá ní aago márùn-ún. Lẹ́nu òyìnbó, ó jẹ́ pé kí ẹ má ṣe kọjá aago márùn-ún, ẹni tó bá sì dé ní aago mẹ́rin kò ṣẹ̀. Bí aago márùn-ún gan-an ni ẹ fẹ́, "at five".

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan kì í gba ọ̀rọ̀-atọ́kùn, a sì ń fún wọn ní tipátipá. Ẹ yọ èyí tí mo dárúkọ kúrò:

- "discuss about the matter": ẹ yọ "about".
- "request for a letter": ẹ yọ "for". Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, "a request for a letter", ẹ fi í sílẹ̀.
- "emphasise on": ẹ yọ "on".
- "comprises of": ẹ yọ "of".

Àwọn mìíràn sì ń fẹ́ ẹ, a kì í fún wọn: "listen to me", "wait for me", "reply to the letter", "pay for the food".

## 5. Ẹyọ àti ọ̀pọ̀: "Ṣé a lè kà á?"

A ń sọ pé ìwé kan, ìwé mẹ́wàá. Ara "ìwé" kò yí. Nítorí náà "two book" máa ń jáde bí a bá ń yára. Ìyẹn ń tètè lọ bí ènìyàn bá ń ṣọ́ ọ. Èyí tó ń pẹ́ lára ni òdìkejì rẹ̀, níbi tí ènìyàn ti mọ "s" tán tó wá fi sí ibi tí kò yẹ. Àwọn wọ̀nyí kì í gba "s" rárá: "furniture", "information", "equipment", "luggage", "advice", "homework". "Staff" náà kò di "staffs" bí ẹ bá ń sọ ti àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan.

Bí ẹ bá fẹ́ kà wọ́n, ẹ fi "a piece of" tàbí "two pieces of" ṣáájú: "a piece of advice". Fún òṣìṣẹ́ kan, "a member of staff". Nínú ìwé atúmọ̀-èdè tí wọ́n ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ: C ni pé ó ṣeé kà, U ni pé kò ṣeé kà. Ẹ má ṣe méfò.

Lẹ́yìn "one of", ọ̀pọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà: "one of my friends". "One of my friend" kò dára rárá. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ ti ẹyọ: "One of my friends is here."

"Púpọ̀" pẹ̀lú ń tẹ̀ lé òfin yìí: "many chairs", ṣùgbọ́n "much furniture". Bí ẹ kò bá dá ara yín lójú, "a lot of" bá méjèèjì mu.

## 6. Gbólóhùn mẹ́rin tí a ń gbé látinú Yorùbá tààrà

- Ara wọn. "Wọ́n fẹ́ràn ara wọn" lè jẹ́ "they love each other" tàbí "they love themselves". Bí ti èkíní bá ń lọ sọ́dọ̀ èkejì, "each other". Bí kálukú bá ń fẹ́ràn ara tirẹ̀, "themselves". Nínú káàdì ìgbéyàwó, ẹ ṣọ́ èyí.
- Bẹ́ẹ̀ ni, rárá. "Didn't you go?" Yorùbá á ní "Bẹ́ẹ̀ ni, n kò lọ." Gẹ̀ẹ́sì á ní "No, I didn't." Ẹ wo ìdáhùn tiyín nìkan: bí "not" bá wà nínú rẹ̀, "No" ló ń ṣáájú, bí kò bá sí, "Yes". "Do you mind if I sit here?" ń fẹ́ "No" bí ẹ bá gbà á láàyè.
- Olùwà méjì. "Bàbá mi, ó ti lọ" kò gbọdọ̀ di "My father, he has gone" nínú ìwé tí ẹ kọ. "My father has gone."
- Tí... rẹ̀. "Ọkùnrin tí mo mọ ilé rẹ̀" ń di "the man that I know his house". "The man whose house I know" ni. Bí "whose" bá ń nira, ẹ pín in sí gbólóhùn méjì.

Ohun kan tún wà: "on" àti "off" kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe. "Off the light" ń fẹ́ "turn" níwájú: "Turn off the light."

## 7. Ìró tó ń sọ ọ̀rọ̀ di òmíràn

Ìró "v", "z", "ch" àti "th" kò sí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, èyí tó súnmọ́ wọn ni ahọ́n ń mú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ méjì-méjì wọ̀nyí kọ́ ọ, ẹ pè wọ́n tẹ̀ léra ní ìgbà márùn-ún lójúmọ́:

- "fan", "van": ipò eyín àti ètè kò yí, ohùn ọ̀fun ló yàtọ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan ọ̀fun. Ó gbọ́dọ̀ gbọ̀n fún "van".
- "sip", "zip": bákan náà.
- "share", "chair": "ch" bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "t" kékeré kan.
- "tin", "thin": orí ahọ́n yọ díẹ̀ láàárín eyín fún "thin".
- "ship", "sheep"; "live", "leave": èkíní kúrú, èkejì gùn, ẹnu sì fẹ̀ díẹ̀ sí i.
- "eat", "heat": àwọn kan ń fi "h" sí ibi tí kò sí, wọ́n á sì yọ ọ́ níbi tó wà.

Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni Yorùbá fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Sílébù tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò. "REcord" jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, "reCORD" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí ẹ bá kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ sílébù tó wúwo sínú ìwé yín. Ìbéèrè irú èyí wà nínú ìdánwò ìró WAEC.

## 8. Èyí tí ẹ kò ní láti pa

Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà kì í ṣe àṣìṣe lásán. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀-èdè ńlá ti Oxford gba ọ̀rọ̀ àti ìlò 29 láti Nàìjíríà wọlé, "okada", "danfo" àti "next tomorrow" wà nínú wọn. Ẹ wo ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́nu ọjà, nílé, láàárín ọ̀rẹ́, ẹ sọ ọ́ fàlàlà. Nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ sí òkè òkun àti nínú IELTS, ẹ pààrọ̀ rẹ̀:

- "next tomorrow" di "the day after tomorrow"
- "severally", tí ẹ bá fi ní ọ̀pọ̀ ìgbà lọ́kàn, di "several times"
- "senior brother" di "older brother"
- "go-slow" di "traffic jam"

## Àyẹ̀wò kí ẹ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀

Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sílẹ̀ ní ìparí ìdánwò. Ẹ ka àròkọ yín ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa wá nígbà kọ̀ọ̀kan:

1. Kíkà àkọ́kọ́: ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan. Ìgbà rẹ̀ ńkọ́? "S" ńkọ́? Kí ló wà lẹ́yìn "did"?
2. Kíkà kejì: ọ̀rọ̀-orúkọ àti arọ́pò. Ṣé ó ṣeé kà? "His" àbí "her"?
3. Kíkà kẹta: "in", "on", "at", àti sípẹ́lì "their" àti "there", "its" àti "it's". Fún "its" àti "it's", bí ẹ bá lè fi "it is" tàbí "it has" rọ́pò rẹ̀, àmì (') wà níbẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, kò sí.

Bí àkókò kò bá tó ẹ̀ẹ̀mẹta, kíkà àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣe, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpínrọ̀ ìkẹyìn wá sókè, nítorí ibi tí ẹ ti ń sáré kọ̀wé ni àṣìṣe máa ń pọ̀ sí jù.